Ṣé gáàsì éésì máa ń tán ni?

Olùkọ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ béèrè pé:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Éésì yàrá wa, 1.5HP ni, ọdún kẹrin rẹ̀ rèé. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ló ti di pé atẹ́gùn lásán ló ń fẹ́ lálẹ́. Tó bá wá di bí aago méjì òru, á tún máa tutù. Omi ń kán lára rẹ̀ sí ògiri, ó ti ń ba ọ̀dà jẹ́. Arákùnrin tó ń bá wa tọ́jú rẹ̀ ti rọ gáàsì sí i lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà tí a ti rà á. Ó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní gáàsì tún ti tán. Bàbá àwọn ọmọ ní ká tà á, ká ra tuntun. Ṣé bí gáàsì éésì ṣe máa ń tán nìyí?"

Ẹ kú ooru o, Ìyá wa. Rárá, gáàsì éésì kì í tán.

Kì í ṣe kẹrosíìnì inú sítóòfù tí iná ń jẹ tán díẹ̀díẹ̀. Inú páìpù bàbà tí wọ́n dí pa ló wà. Ó ń gba ooru yàrá yín mọ́ra nínú apá tó wà lára ògiri, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ inú apá ìta, á fà á síta, á fún un pọ̀ gan-an, ooru náà á jáde níta, gáàsì á sì padà wọlé wá gba òmíràn. Gáàsì kan náà ló ń yí po, ọdún dé ọdún. Éésì tí wọ́n so dáadáa lè pé ọdún mẹ́wàá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi gáàsì kún un. Bó bá dín, ó ń jò ni, ọ̀rọ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá sì ń rọ òmíràn lé e láìwá ojú ibi tó ti ń jò, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá.

Ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọdún mẹ́rin, ohun méjì ló lè fà á. Bóyá ibì kan ń jò tí kò sẹ́ni tó wá a. Tàbí kó jẹ́ pé gáàsì ò tíì dín rí, nǹkan mìíràn ló ń ṣe éésì yín. Ẹ má jẹ́ kí èyí yà yín lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rọ gáàsì ló máa ń kọ́kọ́ fọ éésì kí wọ́n tó so géèjì mọ́ ọn. Fífọ̀ yẹn ló ń jẹ́ kó tutù lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ tán, ṣùgbọ́n gáàsì ló ń gba ìyìn, ẹ̀yin lẹ sì ń san owó rẹ̀.

Èkejì yìí ni mo fura sí, nítorí ohun tí ẹ fúnra yín kọ. Gáàsì tó bá ti jò lọ kì í padà wá ní aago méjì òru. Òótọ́ ni pé ìta máa ń tutù lóru, tí éésì tí gáàsì rẹ̀ dín díẹ̀ á fi rí ara gbé. Ṣùgbọ́n kó ti orí atẹ́gùn lásán bọ́ sí orí pé ó tutù, ìyẹn ti pọ̀ ju ìyàtọ̀ ojú ọjọ́ lọ. Iná ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ mọ bí iná ṣe máa ń rí láti aago méje alẹ́. Yálà Sábó lẹ wà tàbí Under-G níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH pọ̀ sí, àkókò kan náà ni gbogbo ilé ń tan fìríìjì, áyọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga, àti éésì. Ẹnu tiransifọ́mà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti ń gba iná, iná á wá rẹlẹ̀, gílóòbù á máa pọ́n, fáànù àjà á máa rìn gbẹ̀rẹ̀. Fáànù inú éésì kò nílò iná púpọ̀, á máa fẹ́ nìṣó. Ti kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yàtọ̀. Ìgbà tó bá fẹ́ gbéra ló máa ń fa iná jù, ìlọ́po-ìlọ́po ohun tó ń fà nígbà tó bá ti ń ṣiṣẹ́. Bí iná bá rẹlẹ̀, á kàn máa kùn, ara rẹ̀ á gbóná, ohun ààbò inú rẹ̀ á já a kúrò lórí iná kó má baà jó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ á tún gbìyànjú. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú yàrá, atẹ́gùn lásán lẹ ń gbà. Ìgbà tí ìlú bá ti sùn, tí iná ti gbé ara sókè, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á gbéra.

Lálẹ́ ọjọ́ tó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jáde lọ dúró ti apá ìta, ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Pé fáànù ibẹ̀ ń yí kò túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ń ṣiṣẹ́. Ìró kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ máa ń wà lábẹ́ ìró fáànù, ó máa ń wúwo, kì í sì dáwọ́ dúró. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ibi tí páìpù méjèèjì ti wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó yẹ kí ẹnu èyí tó nípọn nínú méjèèjì ti tutù, kó máa làágùn. Bí kò bá sí ìró, tí páìpù náà sì gbẹ, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kò gbéra nìyẹn, ọ̀rọ̀ gáàsì ò tíì kàn án rárá.

Kí oníná wá fi mítà wọn iná ní ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì éésì gan-an, lálẹ́, nígbà tí éésì ń gbìyànjú láti gbéra. Èyí tí wọ́n bá wọ̀n ní aago mẹ́wàá àárọ̀ kò wúlò fún wa. Ara éésì ni wọ́n kọ iye tó ń fẹ́ sí. Fóòtì 220 sí 240 ló wọ́pọ̀. Bó bá ti ń lọ sí ìsàlẹ̀ 200, ẹ ti mú olè yẹn. Tó bá fi lè já sí 170, ọ̀pọ̀ éésì tí kì í ṣe ìnfátà (irú éésì tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ lè yára tàbí kó rọra sáré) ni kò ní gbéra. Kó tún wọ̀n ọ́n níbi tí iná ti wọlé yín. Bó bá dára níbẹ̀ ṣùgbọ́n tó ń ṣubú ní ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì, inú ilé yín ni ẹjọ́ wà, kì í ṣe tiransifọ́mà: wáyà ti tín-ín-rín jù, tàbí ibì kan ti tú. Wáyà 2.5mm² ni mo máa ń fẹ́ fún 1.5HP, kó sì ní búrékà tirẹ̀. Bí ẹnu pílọ́ọ̀gì bá ń gbóná tàbí tó ti ń dúdú, ẹ má tan án mọ́ títí wọ́n á fi tún un ṣe. Ilé ni irú ìyẹn máa ń jó.

Bó bá jẹ́ pé láti ìta ni iná ti rẹlẹ̀ wá, sìtẹbiláísà ló kù. Kì í ṣe kékeré tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n o. Fún 1.5HP, 5kVA ni kí ẹ rà, kó sì jẹ́ èyí tó máa ń dúró ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kó tó tú iná sílẹ̀. Ẹ ka ara rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, wọ́n á kọ iye fóòtì tó kéré jù tó lè gbé sókè síbẹ̀. Bí iná àdúgbò yín bá ń lọ sí ìsàlẹ̀ ìyẹn, owó yín ló máa gbé. Dídúró yẹn náà ní ìdí. Bí iná bá lọ tó sì dé kíá, gáàsì tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ti fún pọ̀ kò tíì rọlẹ̀, kò sì lè gbéra lójú ipá yẹn. Ọ̀pọ̀ éésì ló ní ìdúró tirẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n iná wa tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí, méjì sàn ju ẹyọ kan lọ.

Ohun kan wà tó máa ń bá iná tó rẹlẹ̀ pawọ́ pọ̀, kapásítọ̀ ni. Agolo kékeré kan ni nínú apá ìta, òun ló ń ti kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ láti gbéra. Wọ́n kọ iye rẹ̀ sí i lára, bíi 35µF. Bó bá ti ń gbó, iye yẹn á máa wálẹ̀, nígbà mìíràn orí rẹ̀ á wú. Éésì tí kapásítọ̀ rẹ̀ ti rẹ̀ lè máa gbéra nígbà tí iná bá lágbára, kó má sì gbéra lálẹ́. Ẹ rí i pé ó bá ohun tí ẹ kọ mu gẹ́lẹ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì súnmọ́ owó gáàsì rárá. Bóyá ìyẹn ni kò jẹ́ kí àwọn kan máa dárúkọ rẹ̀. Irú iye kan náà ni kí wọ́n fi dípò rẹ̀. Ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án fúnra yín o, nítorí iná máa ń sápamọ́ sínú rẹ̀ kódà lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ pílọ́ọ̀gì. Bí éésì yín bá jẹ́ ìnfátà, kò ní irú kapásítọ̀ yìí. Bọ́ọ̀dù ló ń gbé kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tirẹ̀ dìde díẹ̀díẹ̀.

Ẹ ní láti ìgbà tí ọyẹ́ ti lọ ni. Ìyẹn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, eruku Sàhárà ń dà lé wa lórí, eruku títì tí kò ní ọ̀dà sì ń pàdé rẹ̀ lọ́nà. Fíltà éésì ló ń gba gbogbo rẹ̀. Bó bá dí, afẹ́fẹ́ ò ní lè kọjá, yìnyín lè bo páìpù inú, yàrá á sì máa gbóná. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú iṣẹ́ yìí ni pé ọmọ ọdún méjìlá lè ṣe é: ẹ pa á, ẹ yọ pílọ́ọ̀gì, ẹ ṣí ìdérí iwájú sókè, ẹ fa àwọ̀n méjèèjì jáde, ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn sí iwájú, ẹ sá a sí ibòji kó gbẹ. Ẹ má lo omi gbígbóná, ẹ má sì sá a sí oòrùn, á ká. Lásìkò ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Lásìkò tó kù, oṣooṣù.

Bí fíltà bá mọ́ tí atẹ́gùn ṣì kéré, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ẹnu tí atẹ́gùn ń gbà jáde. Ẹ ó rí ohun gbọọrọ kan tó ń yí, tó kún fún abẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́. Eruku máa ń lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹrẹ̀, kò ní lè gbá afẹ́fẹ́ mọ́. Ìyẹn di iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kó fi ọ̀rá ńlá yí éésì ká, kó fi ọ̀rá bo bọ́ọ̀dù iná, kó tó fi omi sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún tó: lẹ́yìn ọyẹ́ àti láàárín òjò.

Apá ìta làwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Ibẹ̀ ni gbogbo ooru yàrá yín ti ń jáde. Bí eruku bá dí i lẹ́yìn, ooru ò rí ọ̀nà lọ, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á gbóná, á sì máa já. Ẹ já a kúrò lórí iná ní búrékà, ẹ fi omi họ́ọ̀sì tí kò lágbára púpọ̀ fọ̀ ọ́, láti inú sí òde bó bá ṣeé ṣe. Ẹ má gbé ẹ̀rọ ìfọkọ̀ sí i, á tẹ àwọn abẹ́ àlúmíníọ̀mù rẹ̀ mọ́ra. Àti àgò irin tí a ń kàn mọ́ ọn nítorí olè yìí, mo mọ̀ pé ó pọn dandan, ṣùgbọ́n àwọn wẹ́dà kan ń ṣe é bí àtíbàbà ẹ̀wọ̀n. Kí irin jìnnà síra, kí iwájú fáànù ṣí sílẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì fi ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà kan jìnnà sí ògiri. Ẹ má sì gbé jẹnẹrétọ̀ tì í.

Omi tó ń kán sí ògiri, ìyẹn kò ṣòro. Éésì ń fa omi jáde nínú afẹ́fẹ́ yàrá, omi náà á dà sínú àwo kan lábẹ́, á gba rọ́bà kan lọ síta. Eruku tó bá bá omi yẹn pàdé á di ẹrẹ̀ yíyọ̀, á dí rọ́bà. Agbọ́n náà a máa fi ẹnu rọ́bà náà ṣe ilé. Kí wọ́n fa á láti ìta tàbí kí wọ́n da omi sí àwo inú, kí wọ́n rí i pé ó ń jáde. Bí ẹ bá ki ẹnu rọ́bà sínú kéègì láti gba omi, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú omi, nítorí omi tó bò ó mọ́lẹ̀ ń dí afẹ́fẹ́ tó yẹ kó bá omi tó ń bọ̀ jáde. Àfi bí yìnyín bá ti bo páìpù inú tó ń yọ́ ni omi tún lè ti ibòmíràn wá. Bí ẹ bá rí yìnyín, ẹ gbé rìmóòtù sí fáànù nìkan títí á fi yọ́. Ẹ má fi ọ̀bẹ họ ọ́. Àwọn ibi tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ họ ni mo ti rí i tí gáàsì jò tán lóòótọ́.

Rìmóòtù náà, ẹ wò ó pé àmì yìnyín ló wà lójú rẹ̀, nítorí ọmọdé lè ti tẹ̀ ẹ́ sí ibòmíràn. Gbígbé e sí 16 kò sì ní jẹ́ kí yàrá tètè tutù lórí éésì tí kì í ṣe ìnfátà. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kan náà ló ń ṣiṣẹ́, kò kàn ní sinmi ni. 24 tàbí 25 tó ènìyàn sùn.

Wàyí o, bí ẹ bá yẹ gbogbo èyí wò, tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí gbogbo rẹ̀ mọ́, tí kò sì tutù, gáàsì lè ti dín nígbà náà. Kí arákùnrin yín máa bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ dúró tì í. Ẹ kọ́kọ́ kà ohun tó wà lára apá ìta: wọ́n kọ irú gáàsì sí i àti iye gíráàmù tó gbà. Kó fi géèjì hàn yín kó tó rọ ohunkóhun. Bí éésì bá ń ṣiṣẹ́ lójú ooru wa yìí, gáàsì R22 máa ń wà ní bí 60 sí 75 PSI (òṣùwọ̀n ipá tí gáàsì fi ń ti páìpù), R410A ní bí 110 sí 140, R32 kò sì jìnnà sí èyí. Nítorí náà bí ẹnì kan bá sọ pé 65 ti kún lórí éésì R410A, ẹ má sanwó. Ti ìnfátà máa ń yí padà bí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ṣe ń sáré sí, orí òṣùwọ̀n ni kí wọ́n ti rọ tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kó wá ibi tó ń jò. Òróró kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ máa ń bá gáàsì jáde, nítorí náà ibi tó bá ń dán tí eruku sì lẹ̀ mọ́ ni kó kọ́kọ́ wò, pàápàá àwọn nọ́ọ̀tì ẹnu páìpù. Ibẹ̀ ló wọ́pọ̀ jù. Ìfófòó ọṣẹ á fi í hàn. Bí ti ìfófòó bá kùnà, kó fi náítírójìn ti inú páìpù, kó sì fi í sílẹ̀ kó wò ó bóyá géèjì á wálẹ̀. Kó tún ibẹ̀ ṣe, kó fi pọ́ǹpù fa gbogbo afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú páìpù jáde fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó tó wọn gáàsì sí i. R410A, gáàsì méjì tí wọ́n pò pọ̀ ni. Ó gbọ́dọ̀ dojú sílíńdà dé kó lè jáde ní olómi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àpòpọ̀ rẹ̀ á yàtọ̀. Bí kò bá ní pọ́ǹpù, tó ní òun á fi gáàsì lé afẹ́fẹ́ jáde, ẹ kí i pé ó kú iṣẹ́, ẹ pe ẹlòmíràn. Kó má sì fi iná jó páìpù tí gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀, pàápàá R32 tó lè gba iná, tàbí gáàsì ìdáná tí àwọn kan ń rọ sí éésì nítorí pé kò wọ́n. Ìyẹn, ẹ má gbà á láyè nínú ilé yín láéláé.

Kí ẹ sọ fún bàbá àwọn ọmọ pé tuntun kò tíì yá. Ìgbà tó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ti jó, tàbí tí páìpù inú ti lu níbi púpọ̀, ni mo máa ń sọ pé kí wọ́n rà. Tàbí bó bá jẹ́ R22 tó ń jò lemọ́lemọ́, nítorí gáàsì yẹn ń ba ìpele ósónì jẹ́. Àdéhùn Montreal ti 1987 ló ń lé e kúrò nílẹ̀, 2030 sì ni wọ́n dá fún àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa. Yóò máa wọ́n sí i ni. Bí ẹ bá máa rà nígbà náà, ìnfátà ni kí ẹ rà, ó máa ń fara da iná tó rẹlẹ̀ ju èyí tí kì í ṣe ìnfátà lọ, owó iná rẹ̀ sì kéré. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ta ti yín yìí báyìí, ẹni tó rà á á fi kapásítọ̀ tuntun sí i, á fọ̀ ọ́, á sì máa sùn nínú òtútù rẹ̀.